Ẹ Jẹ́ Ká Gba Tábìlì Kan: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Àgbà Ọmọ Yorùbá ní Erékùṣù Man

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ṣe kòkárí ọ̀rọ̀ wa ní erékùṣù yìí,

 

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Keje, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibí, Tynwald, máa ń jókòó ní gbangba lórí òkè kékeré kan ní St John's. Wọ́n á ka òfin tuntun sétí gbogbo ènìyàn ní èdè Manx àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn yóò rìn lọ sí ìdí òkè náà, tí yóò fi ìwé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kò kan Tynwald. Ẹ̀yin ló kàn, ẹ kò sì ní òkè tí mo lè tọ̀ yín wá sí. Gúrúùpù WhatsApp wa ni ẹ ní, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síbẹ̀ tí ó rì sábẹ́ fídíò ìwàásù àti àwòrán òdòdó "ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun". Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ báyìí, ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun kò rí i.

Ohun tí mo ń tọrọ kò ju méjì lọ. Ẹ bá wa sún àríyá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ sì jẹ́ kí a gba tábìlì omi kan lójú ọ̀nà Parish Walk, ìrìn tó bọ́ sí ọjọ́ àríyá náà.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, tí wọ́n ṣì ń wá yàrá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Parish Walk jẹ́. Erékùṣù yìí ní páríìṣì àtijọ́ 17. Nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí ojúmọ́ gùn jù lọ lọ́dún, àwọn ènìyàn á gbéra ní Douglas láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìrìn náà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì páríìṣì kọ̀ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, kó tó padà sí Douglas kí wákàtí 24 tó pé. Máìlì 85 ni, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 137. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó tó rin irú rẹ̀ á ti wọ Ìbàdàn. Wọn kò sì gbọdọ̀ sáré o. Rírìn ni, àwọn adájọ́ sì ń wo ẹsẹ̀ wọn lójú ọ̀nà: ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1913 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Braddan ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé, lẹ́yìn rẹ̀ Marown, Santon, Malew, Arbory, Rushen. Láti Rushen ni wọ́n á ti kọjú sí òkè tí wọ́n ń pè ní Sloc, òkè tó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Patrick, kí wọ́n sì bọ́ sí páríìṣì German ní ìlú Peel. Michael, Ballaugh, Jurby, Bride, Andreas àti Lezayre wà níwájú. Ó wá ku Maughold, Lonan àti Onchan kí ojú wọn tó tún rí òkun Douglas. Mo dárúkọ gbogbo wọn nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju mẹ́ta lọ: páríìṣì tí ilé wà, èyí tí iṣẹ́ wà, àti Malew tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí. Wọ́n ní láyé àtijọ́, erùpẹ̀ láti páríìṣì 17 wọ̀nyí ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi mọ òkè Tynwald. Ẹni tó bá rin Parish Walk parí ti tọ erùpẹ̀ náà dé orísun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò mọ ìkankan nínú èyí. Mo ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí Sọ́ńdè, ilẹ̀ sì ti mọ́ kedere, torí oòrùn ibí kì í dúró de aago márùn-ún kó tó yọ lóṣù Kẹfà. Nítòsí Onchan ni mo ti rí bàbá kan tó ń rìn bí ẹni tí ọtí gbé. Obìnrin kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn tòun ti ike omi lọ́wọ́. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo yọ orí síta, mo ní kí wọ́n wọlé kí n gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ìhà mú. Obìnrin yẹn ló dá mi lóhùn pé tí ọkọ òun bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ mi, máìlì tó lé ní 80 tó ti rìn láti àná ti wọgbó nìyẹn.

Mo délé, mo pe ìyá mi ní Iléṣà, mo ròyìn ohun tí mo rí. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló ń lé e?"

Ẹ mọ òwe tí wọ́n ń pa. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa ni. Èmi náà wá ejò yẹn títí. Mo bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, olúkúlùkù sì ní tirẹ̀: ẹnì kan ń kó owó jọ fún ilé ìtọ́jú aláìsàn, òmíràn ní bàbá òun rìn ín, òmíràn ní òun kò mọ̀. Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó rí i pé ẹni tí mo ń bi kọ́ ló yẹ kí n máa bi. Ẹni tó ń rìn kò ṣòro fún mi láti lóye mọ́. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láago méjì òru tó ń fún un lómi ni mi ò lóye.

Lọ́dún kejì, ẹnì kan níbi iṣẹ́, ọmọ bíbí ibí, ní òun fẹ́ rìn ín. Ó ní ṣé mo lè wà lára àwọn tí yóò máa tẹ̀lé òun. Mo rò pé àtẹ̀wọ́ ni mo fẹ́ lọ pa. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi! Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀nà jíjìn nínú Parish Walk gbọ́dọ̀ ní àwọn tirẹ̀ tí yóò máa fi ọkọ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n mọ ohun tó jẹ, ohun tó mu, ìgbà tó tọ̀ gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, a kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi dà bí ìsọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀dùnkún sísè tí a bu iyọ̀ sí, ìrẹsì onímílíìkì, Coke tí a ti ṣí sílẹ̀ kó má baà hó níkùn ẹni tó ń rìn, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Vaseline tí wọ́n ń fi pa itan àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń lààgùn fún wákàtí púpọ̀ tó sì ń mu omi lásán nìkan ń fi omi fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò ni; orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, èébì á gbé e, ó sì lè dákú. Ìdí tí ọ̀dùnkún fi ní iyọ̀ nìyẹn. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ awakọ̀ akẹ́rù kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ̀lé ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, ni mo ti gbọ́ èyí tó yé mi jù.

Nígbà tí a fi dé Peel, máìlì 32 àbọ̀, ọ̀pọ̀ ló dúró níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn fún wọn. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti pinnu láti dé nìyẹn. Ẹni tó gbéra lọ́nà Parish Walk, páríìṣì tó dé gbẹ̀yìn ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tó fi dé ibẹ̀. Ẹni tó dúró ní Santon wà nínú ìwé. Ẹni tó dúró ní Bride wà nínú ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń gbéra lé ní 1,000, díẹ̀ nínú wọn ló ń parí, síbẹ̀ inú àwọn yòókù ń dùn lọ sílé, wọ́n á sì ní lọ́dún tó ń bọ̀ àwọn yóò fi páríìṣì kan kún un. Mi ò tíì rí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Níléèwé tèmi, ẹni tó gba ipò kìíní ni a mọ̀. Àwọn yòókù ń wá bàtà wọn.

Láti Michael dé Ballaugh, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọlọ́kadà eré-ìje TT ń gbà ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú wọn nítorí pé wọ́n ti ọ̀nà pa mọ́ yín lójú mọ̀ wọ́n dáadáa. Lọ́dún 2023, Peter Hickman fi alùpùpù yí gbogbo òpópó náà po, máìlì 37.73, kí ìṣẹ́jú 17 tó pé. Ẹni tí mo ń tẹ̀lé lo wákàtí kan gbáko láti Michael dé Ballaugh, ó sì dúró lẹ́ẹ̀kan láti bú sẹ́kún. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹkún ló kàn dé. Ìyá kan tó ń tẹ̀lé ẹlòmíràn ní kí n má dá sí i, pé ní Ballaugh ni ẹkún máa ń mú wọn.

Lẹ́yìn Jurby, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wá tààrà, kò sí òkè tí yóò dá a dúró. Lọ́sàn-án, ní Marown àti ní Malew, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní tábìlì, àwọn ọmọdé ń na ọsàn gígé sí àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ń ka iye ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Lóru, àwọn ọmọdé ti sùn. Ọ̀nà Jurby sí Bride dákẹ́ rọ́rọ́, ìró bàtà ẹni nìkan ló kù. Níbẹ̀ ni mo ti rí iná àtùpà kan lókèèrè. A dé ibẹ̀, a bá ìyá àgbà kan tó wọ kóòtù ọkùnrin tó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, tábìlì kékeré, fúláàsì mẹ́rin, ife, àti bísíkíìtì nínú agolo. Ó wojú mi, ó wojú ẹni tó ń rìn, èmi tí mo jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ bu tíì fún. Ó ní èmi ni òtútù ń pa.

Ọkọ rẹ̀ ló ń rin Parish Walk láyé ìjelòó, ó sì sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an, láàárín Jurby sí Bride, ni ó máa ń ṣe òun bíi kí òun dùbúlẹ̀ sínú kòtò. Bí ó ṣe gbé tábìlì síbẹ̀ nìyẹn. Ọkọ ti kú. Kóòtù rẹ̀ ló wọ̀. Ó ń gbé tábìlì náà síta lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun, ní Liverpool àti ní ọ̀nà Manchester, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ibí ṣe ń lọ. Nígbà tí mo ń dá ife padà, ó bi mí bí ẹni tó ń bi mí bóyá òjò yóò rọ̀, ó ní, "Ta ni yóò máa gbé e síta nígbà tí mi ò bá lè gbé e mọ́?"

Mi ò ní ìdáhùn. Mo dúpẹ́ tíì, a lọ.

Lọ́dún kẹta, èmi náà gbéra. Mo kọ orúkọ sílẹ̀ fún Peel, mo sì dé Peel láàárín wákàtí mẹ́sàn-án àti ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú bàtà tó kan mí lọ́mọ ìka torí mo rà á láìgbọ́ràn sí ẹni tó ní kí n fi ìwọ̀n kan lé e. Ní Rushen, ẹsẹ̀ mi ti lé ròrò. Lórí Sloc, pajápajá mú mi ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, mo sì di ògiri òkúta mú bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dúró tì mí, ó fún mi ní iyọ̀ nínú bébà, ó ní kí n lá a. Ó pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún nítorí mi. Orúkọ mi wà nínú èsì wọn, láìsí àmì ohùn kankan, tí lẹ́tà kan sì fò kúrò nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn pátápátá ló rìn ín. Ọlọ́run mọ̀ pé èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n kà wá lọ́dún 2021, gbogbo ènìyàn tó wà lórí erékùṣù yìí jẹ́ 84,000 àti díẹ̀. Tí atẹ́gùn bá dìde, ọkọ̀ ojú omi kì í kúrò ní Heysham, kò sì sí ẹni tí yóò ti ibòmíràn wá bá wọn ṣe nǹkan. Ohun tí wọn kò bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ wo iye eré tí wọ́n sì ń ṣe: àjọ̀dún eré sísá ìgbà Àjíǹde tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlú Ọba wá sí Port Erin, Peel àti Douglas, máráthọ́ọ̀nù Ramsey ní oṣù Kẹjọ, ìrìn láti Point of Ayre ní àríwá dé ìpẹ̀kun gúúsù ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó ń sáré gun òkè Snaefell, parkrun ọ̀fẹ́ ní Nobles Park ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ sún mọ́ wọn, ojú kan náà ni ẹ ó máa rí. Ẹni tó sáré lóṣù tó kọjá ló di aago mú lóṣù yìí. Ẹni tí ó di aago mú ni yóò gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn lẹ́yìn eré. Ibí yìí náà ni Island Games ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, pẹ̀lú erékùṣù 15. Lọ́dún 2025, Orkney ló gbà á lálejò, Orkney tí ènìyàn rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti ibí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí eré náà, erékùṣù kọ̀ọ̀kan á gbé omi wá láti ilé, wọ́n á dà á pọ̀ sójú kan.

Kí wá ni àwa ń ṣe? Àwa ń wò. Nígbà tí Tóbi Amúsàn fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fò kọjá igi mẹ́wàá ní Eugene lọ́dún 2022, tó di ẹni tó yá jù lọ láyé, ariwo tí a pa nínú yàrá ìjókòó ẹ̀gbọ́n wa kan ní Douglas mú kí aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, èmi ni ariwo mi pọ̀ jù. Àmọ́ wíwò la mọ̀ jù nínú eré ìdárayá. Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, a wà ní gbọ̀ngàn, orin ń dún, ìrẹsì ń gbóná, àwọn tó ń rin Parish Walk sì ń kọjá níta. Àwọn ọmọ wa sáré lọ sí fèrèsé. Wọ́n dá àwọn kan mọ̀ nínú wọn: tíṣà wọn, ọmọ kíláàsì wọn, ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì. A ní kí wọ́n wá jẹun.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ti sọ ọ́ rí.

Bàbá kan nínú yín ní iṣẹ́ ni a wá ṣe níbí, a kò wá ṣeré. Òótọ́ ni, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló gbé èmi náà wá. Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbì kan fún ọdún mẹ́fà, tó ń sanwó orí níbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ orin Manx níléèwé, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè é bí kò ṣe ará ìlú.

Ẹ̀gbọ́n kan ní wèrè òyìnbó ni kí ènìyàn máa rìn lórí títì nígbà tí mọ́tò wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ẹrù aṣọ ló máa ń rù láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí ìlú onílùú, á tà á láwìn, á tún padà rìn lọ lòṣó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Wọ́n sọ fún wa pé nínú gbogbo ohun tó máa ń rántí nípa ìrìn wọ̀nyẹn, kò sí èyí tó dà bí àmù omi tí àwọn ará abúlé máa ń gbé sẹ́bàá ọ̀nà, tòun ti igbá lórí rẹ̀, fún arìnrìn-àjò tí wọn kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í, kò sí ẹni tó ń gbowó. Àmù yẹn ni mo ń sọ o. Tábìlì ni ìyá Jurby ń lò ní tirẹ̀.

Àwọn kan sọ fún mi ní ìdákọ́ńkọ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ènìyàn dúdú máa dúró nínú òkùnkùn lẹ́bàá pápá olóko. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó bà mí náà lóru àkọ́kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran, tó dúró ti tábìlì omi lọ́jọ́ Parish Walk, mi ò tíì rí ẹni tó bi í ní ohun tó ń wá. "Ẹ ṣé" ni wọ́n ń sọ fún un.

Ti aṣọ ẹbí, ti owó gbọ̀ngàn: mo ti pe àwọn onígbọ̀ngàn. Wọ́n ní Sátidé tó tẹ̀lé e ṣí sílẹ̀, wọn kò sì ní gbowó kún un. Aṣọ ẹbí kò mọ ọjọ́.

Ètò rẹ̀ nìyí, bí ẹ bá gbà. Ènìyàn méjìlá, ní ìpín méjì: mẹ́fà láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago kan, mẹ́fà láti aago kan sí mẹ́rin. Àwa tí iṣẹ́ alẹ́ ti mọ́ lára, kí ni wákàtí mẹ́ta? A ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìrìn náà kí wọ́n mọ̀ nípa wa. Ọkọ̀ kò ní dí ọ̀nà. A ó kó gbogbo ife nílẹ̀ kó tó mọ́.

Ní ti oúnjẹ, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá. Ẹni tó ti rin ju máìlì 40 lọ tí inú rẹ̀ ń rú, ata rodo ni yóò pa á. Ògì ni mo rò. Ògì gbígbóná, tó ṣàn díẹ̀, tó ní ṣúgà àti iyọ̀ ṣíún. Ohun tí ara wọn ń wá ní wákàtí yẹn gan-an ni: ohun tó ń fúnni lágbára, tí kò ní jíjẹ lẹ́nu, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú òtútù. Mo ti gbé e fún ẹni tí mo tẹ̀lé lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ó ní kí ni mo ti ń fi pamọ́ láti Douglas. Àkàrà lè wà, àmọ́ fún àwa tí a wà nídìí tábìlì.

Mo fẹ́ kí n sọ pé kò ní sí ìlù, torí àwọn màlúù Jurby ń sùn. Mo wá tún un rò. Nínú òkùnkùn yẹn, àtùpà ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ rí, mo sì rántí bí ẹsẹ̀ ẹni tí mo ń tẹ̀lé ṣe yí padà nígbà tó rí i. Bó bá jẹ́ gángan ni, kí a máa lù ú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọn ì bá ti gbọ́ wa kí wọ́n tó rí wa. Nọ́ńbà wọn wà lára wọn. Ẹni tó bá mọ ìlù lè kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wà nínú ẹ̀yin bàbá tó mọ gángan lù, a sì mọ̀ pé ó wà lókè àpótí aṣọ, lẹ́yìn àpò ìrìn-àjò. Ẹ má wojú òkè, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ìyá náà ṣì wà. Mo lọ kí i ní oṣù tó kọjá, mo gbé ògì dání nínú fúláàsì, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó jọ ohun kan tí ìyá òun máa ń se, mi ò sì jiyàn. Eékún rẹ̀ kò dára mọ́. Ó ní bí a bá fẹ́ gba ojú ibẹ̀, òun yóò mú àga wá jókòó tì wá ní oṣù Kẹfà yìí, kí òun fi hàn wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́, pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn tábìlì sí òkun. Ó ń retí èsì mi kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ní ìpàdé tó ń bọ̀, kó má tún jẹ́ "a ó wò ó". Àwọn Manx náà ní irú rẹ̀, traa dy liooar, wọ́n ní àkókò pọ̀. Tiwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnì kan sì bá mi béèrè ọ̀rọ̀ ìkòkò ńlá tí a fi se ọbẹ̀ níbi ìkómọ ìgbà òtútù. Mo fọ̀ ọ́, mo dé e, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ẹnì kan. Ọkọ̀ ta ni?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ yín, aṣiṣẹ́-alẹ́, tó rìn dé Peel.